Ọmọ Tí A Kò Kọ́ àti Ilé Tí A Kọ́: Àgbéyẹ̀wò Ẹ̀kọ́ Ìtàn àti Tíọ́rì Ilé Kíkọ́ ní Yunifásítì, pẹ̀lú Ìtọ́kasí sí Kàbà àti Ilẹ̀ Òkun

Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ọ̀rọ̀-ìṣe méjì ni ó wà nínú òwe yìí tí ìró wọn bára mu délẹ̀délẹ̀: kọ́ tí ó jẹ mọ́ ọmọ àti kọ́ tí ó jẹ mọ́ ilé. Ohun tí àwọn àgbà ń fi yé ni ni pé iṣẹ́ méjèèjì kò ṣe é yà sọ́tọ̀. Ẹni tí ó kọ́ ilé tí kò kọ́ ọmọ, òun àti ẹni tí kò kọ́ ilé rárá, ọgbọọgba ni wọ́n. Bí a bá gbé òwe yìí lé ẹ̀kọ́ ìyàwòrán-ilé ní àwọn yunifásítì ilẹ̀ Nàìjíríà lórí, ìbéèrè tí yóò yọjú ni èyí: àwọn ọmọ tí à ń kọ́ kí wọ́n lè máa kọ́ ilé, ìtàn ilé ta ni à ń kọ́ wọn?

Ìbéèrè yìí kì í ṣe ti àwọn ayàwòrán-ilé nìkan. Ó kan olùkọ́ èdè Yorùbá pẹ̀lú. Ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́, ẹni tí ó ń kọ́ nípa àṣà Yorùbá a máa gbọ́ nípa agbo ilé, àkòdì àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun àtijọ́. Ẹni tí ó ń kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ kejì a máa gbọ́ nípa bùlọ́ọ̀kù, sìmẹ́ńtì àti páànù. Àwọn méjèèjì kì í sáábà pàdé. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ rí ní yunifásítì: ẹni tí ó mọ orúkọ kò mọ bí a ṣe ń ya àwòrán, ẹni tí ó mọ bí a ṣe ń ya àwòrán kò mọ orúkọ. Èrò tí iṣẹ́ yìí gbé kalẹ̀ ni pé àlàfo yìí ní ìtàn tirẹ̀, pé àwọn ìwé tí a fi ń kọ́ ni ní ìpín nínú rẹ̀, àti pé àwùjọ tí ó wà ní bèbè ilẹ̀ Yorùbá, bí ilẹ̀ Òkun, ni ó máa ń pàdánù jù níbẹ̀.

Ìbéèrè Ọdún 1953

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, ọmọ Nàìjíríà kan, Adédòkun Adéyẹmí, ń kọ́ ìmọ̀ ìyàwòrán-ilé ní Manchester ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó ṣàkíyèsí pé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń kọ́ òun kò bá ilẹ̀ tí òun yóò padà sí láti ṣiṣẹ́ mu. Ó sọ ọ́ síta. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ wà lára ohun tí ó bí àpérò lórí ilé kíkọ́ ní ilẹ̀ olóoru, èyí tí ó wáyé ní University College, London, ní oṣù kẹta ọdún 1953. Ní ọdún 1954, ilé-ẹ̀kọ́ Architectural Association ní London dá ẹ̀ka kan sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ náà. Maxwell Fry ni ó kọ́kọ́ ṣe olórí rẹ̀. Otto Koenigsberger sì gba ipò náà ní ọdún 1957.

Bí a bá wò ó lókèèrè, a ó ní ìbéèrè Adéyẹmí rí ìdáhùn kíákíá. Ṣùgbọ́n irú ìdáhùn wo ni? Ìbéèrè rẹ̀ ní apá méjì nínú. Apá kan jẹ mọ́ ojú-ọjọ́: báwo ni a ó ṣe kọ́lé fún òòrùn, òjò àti ọ̀rinrin? Apá kejì jẹ mọ́ ènìyàn: ta ni àwọn tí yóò gbé inú ilé náà, kí ni wọ́n ti kọ́ rí, báwo ni wọ́n ṣe ń ronú nípa ilé? Apá kìíní ni àpérò àti ẹ̀ka ẹ̀kọ́ tuntun náà gbé dání. Wọ́n kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ bí a ṣe ń wọn afẹ́fẹ́, bí a ṣe ń kọjú ilé sí ibi tí òòrùn kò ti ní wọ inú rẹ̀, bí a ṣe ń ṣíji bo fèrèsé. Apá kejì kò rí ẹni mú un. Ilẹ̀ olóoru di ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí ó kó Ìbàdàn, Kumasi, Íńdíà àti erékùṣù Caribbean pọ̀, bí ẹni pé oòrùn tí ó ń pa wọ́n ti sọ wọ́n di ọmọ ìyá.

Kì í ṣe pé ìmọ̀ ojú-ọjọ́ kò wúlò. Ohun tí ó yẹ kí a rí ni pé wọ́n fi í rọ́pò ìtàn. Ẹni tí ó bèèrè pé kí a kọ́ òun nípa ilé bàbá òun ni wọ́n kọ́ nípa ooru tí ó mú nínú ilé bàbá rẹ̀.

Igi Ìtàn Banister Fletcher

Kí a tó dá àwọn ará London lẹ́bi, ó yẹ kí a wo irú ìwé ìtàn tí ó wà lọ́wọ́ wọn. Ìwé tí ó gbajúmọ̀ jù lọ nínú ẹ̀kọ́ ìtàn ilé kíkọ́ láàárín àwọn tí ó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì ni A History of Architecture tí Banister Fletcher àti ọmọ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń jẹ́ orúkọ kan náà gbé jáde ní ọdún 1896. Nínú àwọn ẹ̀dà rẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e, ìwé náà pín ilé ayé sí ọ̀nà méjì: àwọn tí ilé wọn ní ìtàn àti àwọn tí ilé wọn kò ní ìtàn. Gíríìsì, Róòmù àti àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù wà ní ìpín kìíní. Íńdíà, Ṣáínà, Jàpáànù àti àwọn ilé Mùsùlùmí bọ́ sí ìpín kejì. Ìwé náà tún ya àwòrán igi ńlá kan: Gíríìsì àti Róòmù ni ó wà ní àárín ìtì igi náà tí ó ń dàgbà lọ sókè, àwọn yòókù sì jẹ́ ẹ̀ka tí kò so èso mìíràn.

Ohun tí ó yẹ kí olùkọ́ Yorùbá kíyè sí nínú igi yìí kọjá pé wọ́n fi wá sí ẹ̀ka. Àwọn aláwọ̀ dúdú tí ó wà ní gúúsù aṣálẹ̀ Sàhárà kò tilẹ̀ sí lára àwọn tí a kà sí aláìnítàn. Kí ènìyàn wà nínú ìwé gẹ́gẹ́ bí aláìnítàn jẹ́ ẹ̀gàn. Kí ènìyàn má sí níbẹ̀ rárá jẹ́ ohun mìíràn, nítorí pé kò sí ọ̀rọ̀ tí a lè takò. Àwọn olóòtú tí ó dé lẹ́yìn ti gbìyànjú láti tún un ṣe, ẹ̀dà kọkànlélógún tí Murray Fraser ṣe olóòtú rẹ̀ ní ọdún 2020 sì kó gbogbo ayé mọ́ra ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Síbẹ̀, ìran olùkọ́ kan ń kọ́ ìran tí ó tẹ̀ lé e ni, ètò tí ó wà nínú igi àtijọ́ yẹn kò sì tíì kúrò lọ́kàn ẹni. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá kọ́kọ́ gbọ́ nípa Gíríìsì, tí a sì wá mẹ́nu ba Ifẹ̀ àti Ọ̀yọ́ ní ìparí, ẹ̀kọ́ tí yóò kọ́ ni pé ilé kíkọ́ bẹ̀rẹ̀ níbìkan, ó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọ̀dọ̀ tiwa ni.

Ẹ̀kọ́ Náà Dé Nàìjíríà

Ní àwọn ọdún 1950, ẹ̀kọ́ ìyàwòrán-ilé bẹ̀rẹ̀ ní Nigerian College of Arts, Science and Technology, ó sì fìdí kalẹ̀ sí Zaria. Ilé-ẹ̀kọ́ náà di Ahmadu Bello University ní ọdún 1962. Ní ọgbà Zaria yìí kan náà, ní ọdún 1958, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ọnà dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀, Zaria Art Society. Uche Okeke, Demas Nwoko, Bruce Onobrakpeya àti Yusuf Grillo wà lára wọn. Ohun tí wọ́n ń wá ni bí a ó ṣe mú èyí tí ó dára nínú ti ilé àti ti òkèèrè, kí a sì pò ó pọ̀ láìjẹ́ pé a di ẹrú èyíkéyìí nínú wọn. Ìtàn àti tíọ́rì ni wọ́n ń ṣe, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnikẹ́ni kò fi í sínú sílébọ́ọ̀sì wọn.

Àbájáde rẹ̀ fa ìrònú. Demas Nwoko kọ́ nípa iṣẹ́ ọnà àti ti ìtàgé. Kò kàwé gboyè nínú ìyàwòrán-ilé. Síbẹ̀, òun ni ó kọ́ ilé ìsìn àwọn Dominican ní Ìbàdàn, tí àwọn ènìyàn ń ti òkèèrè wá wò. Ní ọdún 2023, ìpàtẹ ìmọ̀ ìyàwòrán-ilé ti Venice ní ilẹ̀ Ítálì fún un ní ẹ̀bùn Kìnnìún Wúrà fún iṣẹ́ tí ó fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe. Ọ̀nà méjì ni a lè gbà ka èyí. Ẹnìkan lè ní ẹ̀bùn àbínibí ni. Ẹlòmíràn lè ní ẹni tí kò gba inú ẹ̀kọ́ ìyàwòrán-ilé kọjá ni ó rí àyè ronú nípa ilé wa. Kò yẹ kí a tètè ṣá ìtumọ̀ kejì yìí tì.

Ìdáhùn tí a fi ojú-ọjọ́ ṣe náà fi ẹsẹ̀ múlẹ̀. Maxwell Fry àti ìyàwó rẹ̀, Jane Drew, ni wọ́n ya àwòrán ọgbà University College, Ìbàdàn. Ìwé wọn lórí ilé kíkọ́ ní ilẹ̀ olóoru tí ó ní ọ̀rinrin jáde ní ọdún 1956. Ní Ilé-Ifẹ̀, Arieh Sharon tí ó kàwé ní Bauhaus ní ilẹ̀ Jámánì ni ó darí àwòrán ọgbà yunifásítì tí a wá ń pè ní Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Àwọn ilé ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ìmọ̀ èdè àti àṣà níbẹ̀ fẹ̀ lókè ju ìsàlẹ̀ lọ: pẹ̀tẹ́ẹ̀sì òkè ń ṣíji bo ti ìsàlẹ̀, òjò kò lè fẹ́ wọlé, afẹ́fẹ́ sì ń gba àárín kọjá. Iṣẹ́ tí ó péye ni. Ẹni tí ó bá dúró lábẹ́ rẹ̀ ní ọ̀sán gangan yóò jẹ́rìí sí i. Ṣùgbọ́n bí olùkọ́ bá mú akẹ́kọ̀ọ́ dé ibẹ̀, tí ó sì ṣàlàyé òòrùn àti òjò nìkan, ó ti fi ìbéèrè kan sílẹ̀: kí ni ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ìbòòji yìí àti ọ̀dẹ̀dẹ̀? Ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà ń ṣíji bo ènìyàn. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni a ti ń gba àlejò, ibẹ̀ ni bàbá ti ń parí ìjà, ibẹ̀ ni ìyá àgbà ti ń pa àlọ́. Ìbòòji ń lé ooru. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ń kó ènìyàn jọ. Ibi tí tíọ́rì ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Iṣẹ́ Dmochowski àti Iṣẹ́ Afọlábí Òjó

Kò tọ́ kí a sọ pé kò sí ẹni tí ó gbìyànjú. Zbigniew Dmochowski, ọmọ ilẹ̀ Pólàǹdì tí ó wà láyé láàárín ọdún 1906 àti 1982, wá sí Nàìjíríà ní ọdún 1958, ó sì bá ẹ̀ka ìjọba tí ó ń rí sí ohun àjogúnbá ṣiṣẹ́. Ó ń ti ìlú dé ìlú, ó ń wọn ilé, ó ń yà wọ́n sínú ìwé. Òun ni ó dá ọgbà ìṣẹ̀ǹbáyé fún ilé ìbílẹ̀ sílẹ̀ ní Jos, níbi tí a kọ́ ẹ̀dà àwọn ilé bí mọ́ṣáláṣí Zaria sí. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, ní ọdún 1990, ìwé rẹ̀ An Introduction to Nigerian Traditional Architecture jáde ní ìdìpọ̀ mẹ́ta. Títí di òní, bóyá ni ìwé mìíràn wà tí akẹ́kọ̀ọ́ lè fi ọwọ́ tọ́ ògiri, òpó àti òrùlé ilé Nàìjíríà nínú rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Àwòrán ìwé náà kò lẹ́gbẹ́. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá fẹ́ mọ bí igi òrùlé ṣe gùn lé ògiri, ibẹ̀ ni yóò ti rí i. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ lámèyítọ́ kò lè parí sórí ìyìn. Àléébù mẹ́ta ni ó yẹ kí olùkọ́ tí ó ń lo ìwé yìí mọ̀.

Èkíní wà nínú àkọlé rẹ̀. Nígbà tí a bá pe ilé ní ti ìbílẹ̀, tí a kò sì sọ ọdún tí a kọ́ ọ, ẹni tí ó kọ́ ọ àti ìdí tí ó fi yàtọ̀ sí èyí tí ó wà ṣáájú rẹ̀, a ti yọ ọ́ kúrò nínú ìtàn. Ilé tí kò ní ọjọ́ orí dà bí ẹni tí kò ní òbí. Bẹ́ẹ̀ ni a mọ orúkọ àwọn kan lára àwọn oníṣẹ́ wa. Ọlọ́wẹ̀ Ìsẹ̀ gbẹ́ òpó ààfin Ìkẹ́rẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, ilẹ̀kùn rẹ̀ láti ààfin náà sì dé ìpàtẹ Wembley ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1924. João Baptista da Costa ni ó kọ́ mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey ní Èkó, èyí tí wọ́n ṣí ní ọdún 1894.

Èkejì ni pé àwòrán máa ń fi ilé hàn lẹ́yìn tí ó bá ti parí. Ilé Yorùbá kì í sì í parí bẹ́ẹ̀. Ìyàwó wọlé, a fi yàrá kún un. Ẹbí pín, a mọ ògiri sí àárín. Ẹnìkan kú, a sin ín sínú ilé, yàrá náà sì gba ìtumọ̀ mìíràn. Àwòrán tí a yà ní ọjọ́ kan kò lè sọ èyí àyàfi tí a bá gbé ìtàn ẹbí tì í.

Ẹ̀kẹta ni bí a ṣe pín ìdìpọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: ti Àríwá, ti Ìwọ̀-Oòrùn Gúúsù pẹ̀lú Àárín Gbùngbùn, àti ti Ìlà-Oòrùn Gúúsù. Ìpín ìṣèlú ni èyí; kò bá ìpín èdè tàbí ti ẹbí mu. Yóò wúlò kí a fi èyí sọ́kàn nígbà tí a bá dé Kàbà.

G. J. Afọlábí Òjó, onímọ̀ jọ́gíráfì, gba ọ̀nà mìíràn. Nínú ìwé rẹ̀ Yoruba Palaces tí ó jáde ní ọdún 1966, ó fi hàn pé ààfin kì í ṣe ilé lásán: bí ó ti tóbi tó, ibi tí ó wà láàárín ìlú, àwọn àgbàlá rẹ̀ àti igbó inú rẹ̀ ń sọ bí ìlú ṣe ń ṣe ìjọba. Èyí ni tíọ́rì gan-an, ọmọ Yorùbá ni ó sì gbé e kalẹ̀. Ṣáájú rẹ̀, Samuel Johnson ti ṣe àpèjúwe ààfin àti kọ̀bì rẹ̀ nínú ìwé ìtàn tí ó jáde ní ọdún 1921. Àléébù ọ̀nà yìí ni pé ibi tí ọba bá ti tóbi ni ìtàn ti ń tóbi. Ìlú tí kò ní ààfin ńlá, kí ni a ó sọ nípa rẹ̀?

Kàbà àti Ilẹ̀ Òkun

Ìbéèrè yìí ni ó gbé wa dé ilẹ̀ Òkun, níbi tí àwọn Owé, Ìyàgbà, Ìjùmú, Bùnú àti Ọ̀wọ́rọ̀ wà. Yorùbá ni èdè wọn. Síbẹ̀, láti ayé àwọn òyìnbó amúnisìn, abẹ́ ìjọba Àríwá ni Ẹkùn Kàbà wà. Ní ọdún 1991 ni ilẹ̀ náà sì di ara Ìpínlẹ̀ Kogí. Bí a bá fi ìpín ìṣèlú to ìtàn ilé, Àríwá ni Kàbà yóò bọ́ sí, láàárín àwọn ilé tí kò bá a tan. Bí a bá sì fi ààfin to ìtàn ilé Yorùbá, ẹ̀yìn Ọ̀yọ́, Ifẹ̀ àti Ọ̀wọ̀ ni yóò dúró sí.

Adé Ọbáyẹmí, onímọ̀ ìtàn àti ìmọ̀ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tí ó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Òkun, fi ọ̀nà àbáyọ hàn nínú iṣẹ́ rẹ̀ tí ó jáde ní ọdún 1976. Ó ṣàlàyé pé àwọn ìlú kéékèèké tí ó ń dá ṣe ìjọba ara wọn, irú èyí tí ó pọ̀ ní ilẹ̀ Òkun, kì í ṣe ìjọba ńlá tí kò dàgbà. Irú ètò àwùjọ kan ni wọ́n, ó sì ṣeé ṣe kí irú ètò bẹ́ẹ̀ wà ṣáájú àwọn ìjọba ńlá náà. Ní Kàbà, ipò Ọbaró, Ọbadọ̀fin àti Ọbajẹmu ni àṣẹ fi ẹsẹ̀ lé, ìdílé sì ni ìpìlẹ̀ rẹ̀. Bí èyí bá rí bẹ́ẹ̀, agbo ilé ni ó yẹ kí ìtàn ilé kíkọ́ ti bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Kí olùkọ́ máa wá ààfin tí ó tóbi bí ti Ọ̀yọ́ ní Kàbà, kí ó má rí i, kí ó wá ní kò sí ìtàn níbẹ̀, ọ̀ràn ẹni tí ó ń fi òṣùwọ̀n iṣu wọn ẹ̀wà ni.

Ohun tí ó wà nílẹ̀ fún ìtàn náà kò kéré. Ihò àpáta Itaakpa ní Ìffẹ́-Ìjùmú, tí àwọn onímọ̀ wà ní àwọn ọdún 1980, fi hàn pé ó ti lé ní 2000 ọdún tí ènìyàn ti ń gbé agbègbè náà. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ogun Núpé lé ọ̀pọ̀ ìlú Òkun gun orí òkè, ibi tí wọ́n tẹ̀dó sí láàárín àpáta jẹ́ ẹ̀kọ́ nípa bí ìbẹ̀rù àti ọgbọ́n ṣe ń yan ojú ilẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1897, àwọn ọmọ ogun Royal Niger Company gba Kàbà kọjá nígbà tí wọ́n ń lọ bá Bida jà. Lẹ́yìn náà ni ìlú ń sọ̀ kalẹ̀ wá sí ẹ̀bá ọ̀nà, tí páànù sì ń rọ́pò koríko. Ní Lọ́kọ́ja tí kò jìnnà, ilé tí àwọn amúnisìn kó wá ní kékeré-kékeré tí wọ́n tò pọ̀ sórí ilẹ̀ ṣì jẹ́ ẹ̀rí. Láti orí òkè dé ẹ̀bá ọ̀nà, láti inú agbo ilé dé ilé anìkàngbé, akẹ́kọ̀ọ́ lè ka gbogbo ìtàn ìjọba, ogun, ẹ̀sìn àti òwò lára ilé láìkúrò ní agbègbè kan.

Ewu tí ó wà níbẹ̀ ni pé ilé amọ̀ kì í dúró de ẹni tí ó ń jáfara. Òrùlé jò fún ọdún méjì, ògiri wó, àwọn àgbà tí ó mọ orúkọ ibẹ̀ sì ń lọ. Òfin nìkan kò sì lè dá a dúró. Ilojo Bar ní Èkó, ilé àwọn Àgùdà tí ìjọba kéde gẹ́gẹ́ bí ohun àjogúnbá orílẹ̀-èdè ní ọdún 1956, ni wọ́n wó lulẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2016. Bí ilé tí òfin ń ṣọ́ láàárín Èkó bá lè lọ báyìí, kí ni ẹnikẹ́ni yóò sọ nípa agbo ilé kan ní Kàbà tí kò sí nínú ìwé kankan?

Èdè gẹ́gẹ́ bí Tíọ́rì

Àwọn kan lè sọ pé tíọ́rì kò sí nínú èdè Yorùbá, àti pé orúkọ ohun èlò nìkan ni ó wà níbẹ̀. Èrò yìí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀rọ̀ ilé fúnra rẹ̀. A ń pe ohun tí a fi amọ̀ mọ ní ilé, a ń pe ìdílé ní ilé, a ń pe ìlú tí ẹni ti wá ní ilé, a sì ń wí pé ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Èdè tí ó kó gbogbo èyí sínú ọ̀rọ̀ kan ti sọ pé ilé kì í ṣe ohun tí ènìyàn kan ń rà, tí ó sì ń tà bí ẹrù ọjà lásán. Èyí jẹ́ èrò tí a lè jiyàn lé lórí ní kíláàsì, irú èyí tí a ń pè ní tíọ́rì.

Ẹ tún wo àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe: a ń fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀, a ń mọ ògiri, a ń rẹ́ ẹ, a ń bo òrùlé. Ògiri tí a ń mọ ń gba àsìkò: a ó mọ ìpele kan, a ó jẹ́ kí ó gbẹ, kí a tó gbé òmíràn lé e. Nítorí náà, ẹ̀ẹ̀rùn ni iṣẹ́ ilé, ọ̀wẹ̀ àti àáró ni a sì fi ń ṣe é, nítorí pé ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dórí. Ọgbọ́n nípa àkókò àti ìbáṣepọ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ wọ̀nyí. Àwọn ọ̀rọ̀ àyálò náà ní ìtàn tiwọn: pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, bíríkìlà àti faràńdà ń sọ ìgbà tí nǹkan dé àti ẹni tí ó gbé e dé. Ní ilẹ̀ Òkun, ẹ̀ka-èdè kọ̀ọ̀kan tún lè ní orúkọ tirẹ̀ fún apá ilé, kò sì yẹ kí olùkọ́ fi ti Ọ̀yọ́ bò wọ́n mọ́lẹ̀.

Pé èdè Yorùbá lè gbé ẹ̀kọ́ ìjìnlẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dán wò. Ètò ọlọ́dún mẹ́fà tí Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ ní ọdún 1970 fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò àti ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. Àwọn ìwé èdè-ìperí tí Ayọ̀ Bámgbóṣé àti Ọládélé Awóbùlúyì ṣe olóòtú wọn fún ìmọ̀ èdè, lítíréṣọ̀ àti ìkọ́ni fi hàn pé a lè ṣe ọ̀rọ̀ tuntun tí kò ni etí lára. Ohun tí ó kù ni kí a ṣe irú rẹ̀ fún ilé.

Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a ṣọ́ra. Kì í ṣe gbogbo ohun tí ó wà nínú ilé àtijọ́ ni ó dára. Koríko òrùlé a máa gbiná, yàrá mìíràn a máa ṣókùnkùn, àwọn obìnrin ni ó sì sáábà máa ń rẹ́ ilẹ̀ ilé láìsí ẹni tí ó dárúkọ wọn nínú ìtàn. Bí a bá kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ láti máa yin ilé baba rẹ̀ láìbi í léèrè, a kàn fi ìgbéraga rọ́pò àìmọ̀ ni. Ìtàn tí ó péye yóò sọ ẹni tí ó ṣiṣẹ́, ẹni tí ó jẹ èrè rẹ̀ àti ẹni tí a kò jẹ́ kí ó wọ inú yàrá kan.

Àbá

Àyè wà fún àtúnṣe. Ìlànà ẹ̀kọ́ tí àjọ NUC gbé jáde fún àwọn yunifásítì ní ọdún 2022 ya ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún sọ́tọ̀ fún ohun tí gbogbo wọn gbọ́dọ̀ kọ́, ó sì fi ìdá 30 sílẹ̀ fún yunifásítì kọ̀ọ̀kan láti fi ohun tí ó bá agbègbè rẹ̀ mu kún un. Inú ìdá 30 yìí ni ìtàn ilé agbègbè lè gbà wọlé. Àwíjàre pé Àbújá kò fún wa láyè kò tún fi bẹ́ẹ̀ lẹ́sẹ̀ mọ́.

Ohun kejì ni pé kí a yí ètò ẹ̀kọ́ padà. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ wọn ilé kan tí ó mọ̀, kí ó ya àwòrán rẹ̀, kí ó bi àwọn ará ilé náà léèrè ẹni tí ó kọ́ ọ àti ìgbà tí wọ́n fi yàrá kọ̀ọ̀kan kún un, kí ó kọ orúkọ apá ilé kọ̀ọ̀kan bí wọ́n ṣe ń pè é. Lẹ́yìn náà ni kí ó wá ka Gíríìsì àti Róòmù. Yóò ka wọn dáadáa ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, nítorí pé yóò mọ ìbéèrè tí ó yẹ kí ó bi ilé.

Ohun kẹta kan kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́ gan-an. Ayàwòrán-ilé mọ bí a ṣe ń wọn ilé. Olùkọ́ Yorùbá mọ bí a ṣe ń gba ìtàn lẹ́nu àgbà, tí ó sì ń fi àmì ohùn sí ọ̀rọ̀ bí ó ti yẹ. Bí akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá kan àti akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ọwọ́ kan bá jọ wọ agbo ilé kan ní Kàbà nígbà ìsinmi, ohun tí wọn yóò gbé jáde yóò ní ohun tí ìwé Dmochowski kò ní: orúkọ, ọjọ́ orí àti ohùn àwọn tí ó ń gbé inú rẹ̀.

Àgbálọgbábọ̀

Iṣẹ́ yìí ti fi hàn pé ìbéèrè Adédòkun Adéyẹmí rí ìdáhùn lábala kan, tí èkejì sì wà níbẹ̀ láìsí ẹni tí ó dá a lóhùn. Banister Fletcher kò fi wá sínú igi rẹ̀. Fry, Drew àti Sharon dá òòrùn lóhùn. Dmochowski ya ilé, ṣùgbọ́n kò so ó mọ́ ọjọ́ orí àti oníṣẹ́ rẹ̀. Afọlábí Òjó fi ààfin hàn wá, ṣùgbọ́n ààfin kò lè ṣojú fún ìlú tí agbo ilé ti jẹ́ ìpìlẹ̀ ìjọba. Iṣẹ́ gbogbo wọn wúlò, kò sì sí èyí tí ó yẹ kí a dànù. Ohun tí kò yẹ ni kí a dúró síbi tí wọ́n dúró sí.

Olùkọ́ tí yóò lọ sí kíláàsì lọ́la, yálà ní yunifásítì tàbí ní ilé-ẹ̀kọ́ girama ní ilẹ̀ Òkun, kò nílò láti dúró de ìwé tuntun kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Ilé wà níta, àwọn àgbà kan ṣì wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn. Òwe tí a fi bẹ̀rẹ̀ kò sọ pé ọmọ náà burú. Ó sọ pé a kò kọ́ ọ ni.